Eré Pátákó Ojú Irin Amẹ́ríkà Tí À Ń Ta Nílé Wa ní Kubwa

Eré pátákó kan ti dé sí ilé ìtajà ohun ìṣeré kan ní Wuse 2 ní Àbújá, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí lúdò àti wọ́ọ̀tì tí gbogbo ilé mọ̀. Ohun tó dá lé lórí ni bí wọ́n ṣe fi ojú irin la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láàárín ọdún 1863 sí 1869, láti ìlú Omaha létí odò Missouri títí dé Sacramento ní California. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, àti àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ oníṣirò owó ni a jọ máa ń ta á ní òpin ọ̀sẹ̀, a sì ti ta á dé ibi tí mo lè fi ìdánilójú sọ èrò mi lórí rẹ̀. Ní ti owó àti ilẹ̀, n kò tíì rí ohun mìíràn tó mú iṣẹ́ ojú irin yìí yé tọmọdé tàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn ènìyàn tó fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ òkè tí wọ́n sì gbé irin, eré náà kù díẹ̀ káàtó, àléébù náà sì wúwo débi pé mo gbà pé kí òbí tó bá fẹ́ rà á mọ̀ ọ́n kó tó sanwó.

Pátákó tó ṣeé ká sí mẹ́rin ló wà nínú páálí rẹ̀, àwòrán ilẹ̀ ló sì wà lórí pátákó náà. Wọ́n pín ọ̀nà náà sí ilé kéékèèké, ilé kọ̀ọ̀kan sì dúró fún máìlì 10. Igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n kùn ní dúdú ló dúró fún irin, káàdì rẹ̀ nípọn, kì í sì í tètè ká etí. Àwọn tó bá ń ta á yóò pín sí ìhà méjì. Ìhà kan ni Central Pacific, tó bẹ̀rẹ̀ láti Sacramento tó sì ń lọ sí ìlà-oòrùn. Èkejì ni Union Pacific, tó bẹ̀rẹ̀ láti Omaha tó sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Òfin tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1862 ló gbé iṣẹ́ náà dúró, òun náà ló sì gbé eré yìí dúró. Òfin náà sọ pé fún máìlì kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ bá tẹ́ irin sí, ìjọba yóò yá a ní ìwé ẹ̀yáwó ìjọba (bond) tó jẹ́ 16,000 dọ́là bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tẹ́jú, 32,000 dọ́là bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ gíga tó wà láàárín àwọn òkè ńlá, àti 48,000 dọ́là bí ó bá jẹ́ inú òkè gan-an. Yàtọ̀ sí owó, ìjọba tún fún wọn ní ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, ilẹ̀ mẹ́wàá fún máìlì kan, tí òòró àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì kan. Ní ọdún 1864, wọ́n sọ mẹ́wàá náà di ogún. Àwọ̀ mẹ́ta ni àwọn tó ṣe eré yìí fi pín pátákó náà gẹ́gẹ́ bí iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn sì ti kọ́kọ́ hàn, nítorí láti ìgbà tí ẹnìkan bá ti mọ̀ pé máìlì ni wọn yóò fi sanwó fún òun, kò ní tẹ́ irin bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbùjá mọ́.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ fi èyí hàn wá. Ìhà Omaha ló wà, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ, tí irin títẹ́ kò sì náni ní ohun púpọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀nà rẹ̀ po kí máìlì rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ọmọ mi obìnrin ní kò dára, pé ojú irin kì í ṣe ejò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Thomas Durant, ọ̀gá àwọn Union Pacific, ṣe lẹ́yìn Omaha gan-an nìyẹn: ó yí ọ̀nà náà padà, ọ̀nà náà sì fi máìlì 9 gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìhà kejì náà kò mọ́ tónítóní. Onímọ̀ nípa òkúta kan, Josiah Whitney, jẹ́rìí pé òkè Sierra Nevada bẹ̀rẹ̀ láti odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Arcade Creek, tí kò ju máìlì 7 sí Sacramento, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lincoln gbà á bẹ́ẹ̀, owó 48,000 dọ́là sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí ilẹ̀ tí kò sí òkè kankan níbẹ̀. Eré náà fi ọ̀rọ̀ yìí sínú káàdì kan, káàdì tí gbogbo ẹni tó bá wà ní ìhà Sacramento máa ń gbàdúrà pé kó bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Bákan náà ni ti kọngiráàtì. Durant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, Crédit Mobilier, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ojú irin náà fún un ní iye tó ga ju ohun tí iṣẹ́ ń náni lọ, tó jẹ́ pé àwọn kan náà ló ń fúnni níṣẹ́, àwọn náà ló ń gbaṣẹ́. Oakes Ames, tó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àṣírí náà sì tú ní ọdún 1872. Ẹni tó bá ń gbé ní Àbújá kò nílò àlàyé gígùn kí èyí tó yé e. Nínú eré, ẹni tó bá ní káàdì yìí lè kó owó ilé-iṣẹ́ sí àpò ara rẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá mú un kí eré tó parí, gbogbo rẹ̀ ni yóò pàdánù. Inú mi dùn pé wọ́n fi ìjìyà sí i, nítorí ọmọdé ń wò wá.

Àṣìṣe kan wà nínú ètò owó wọn tó yẹ kí wọ́n tún ṣe bí wọ́n bá tún un tẹ̀. Ẹ̀yáwó ni owó tí ìjọba gbé jáde, ẹ̀yáwó ọgbọ̀n ọdún, èlé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ló sì wà lórí rẹ̀. Eré náà kà á sí ẹ̀bùn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti bi ẹnikẹ́ni léèrè bí yóò ṣe san án padà. Ó dùn mí, nítorí gbèsè tó wà lọ́rùn wọn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa sáré bí wọ́n ṣe sáré.

Ìhà Sacramento ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló le jù. Ẹnjiníà Theodore Judah ló rìn inú òkè Sierra náà tó sì rí ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú irin lè gbà gùn ún. Òun náà ló kó àwọn oníṣòwò mẹ́rin ní Sacramento jọ, Leland Stanford, Collis Huntington, Mark Hopkins àti Charles Crocker, tí wọ́n ń ta oúnjẹ, irinṣẹ́ àti aṣọ. Àárín òun àti wọn kò gún. Ó wọkọ̀ lọ sí ìlà-oòrùn láti wá olówó mìíràn, ibà kì í mọ́lẹ̀ nígbà tó ń gba Panama kọjá, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1863, kò tíì pé ẹni ọdún 38. Káàdì Judah lágbára púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, wọn yóò sì gbà á lọ́wọ́ yín láìpẹ́ jọjọ. Ó máa ń dun ọmọ mi ọkùnrin nígbà gbogbo.

Irin tí Central Pacific nílò kì í ti California wá. Láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, tí yóò yí gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà ká kó tó dé, ìrìn àjò ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú eré, irin tí ẹ bá rà lónìí, ó di ìgbà tí ó bá tún kàn yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹni tí kò bá sì ro ti ọjọ́ iwájú yóò kàn jókòó lásán ni. Ìhà Omaha ní ìṣòro tirẹ̀: ilẹ̀ Nebraska kò ní igi tó dára tí wọ́n lè gé tẹ́ sábẹ́ irin, kò sì sí afárá lórí odò Missouri títí di ọdún 1872, nítorí náà ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù wọn sọdá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn tẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1867, wọ́n ti dé ìlú Cheyenne, ibi tó lé ní máìlì 500 sí Omaha, nígbà tí àwọn Central Pacific ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ orí òkè tó jìnnà sí Sacramento ní nǹkan bí máìlì 105.

Ihò abẹ́ òkè tí wọ́n gbẹ́ ní orí Sierra yẹn ni apá tí eré yìí ti dára jù. Gígùn ihò náà jẹ́ 1,659 ẹsẹ̀ bàtà, inú òkúta akọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, iṣẹ́ òòjọ́ kan kì í sì í ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá gbẹ́ kòtò kan wọlẹ̀ láti òkè wá sí àárín, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa gbẹ́ láti inú lọ síta ní ìhà méjèèjì, bí àwọn mìíràn ti ń gbẹ́ láti ìta bọ̀ wá sínú, tí ojú iṣẹ́ fi di mẹ́rin dípò méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po nitroglycerin níbẹ̀, tó lágbára ju ẹ̀tù lọ tó sì léwu jù ú lọ. Wọ́n dá ihò náà lu ní oṣù Kẹjọ ọdún 1867. Nínú eré, ẹ lè gbẹ́ láti ojú méjì tàbí kí ẹ sanwó kòtò àárín kí ẹ sì fi òṣìṣẹ́ sí ojú mẹ́rin; ẹni tó bá ṣahun kòtò yìí yóò wà lábẹ́ òkè níbi tí ẹnìkejì ti ń fò lọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ọkàn ṣe máa ń wúwo tí a bá ń ṣí ìdá kékeré nínú ilé kan, tí a sì ń gbọ́ ariwo ayọ̀ àwọn tó wà ní òdìkejì tábìlì, èyí ju ohun tí ìwé ìtàn lè fún ọmọ lọ.

Àwọn ará Ṣáínà ló gbẹ́ ihò yẹn. Láti ọdún 1865 ni Crocker àti James Strobridge, tó ń darí iṣẹ́, ti ń gbà wọ́n, àádọ́ta tàbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì yá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ Central Pacific. Ẹkùn Guangdong ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Owó oṣù wọn kéré sí ti òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun, wọ́n sì ń ra oúnjẹ fúnra wọn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń bọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní ìgbà òtútù ọdún 1866 sí 1867, yìnyín bo ibùdó wọn débi pé abẹ́ yìnyín ni wọ́n ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Yìnyín a máa ya lulẹ̀ láti orí òkè, a sì kó ènìyàn lọ, tí wọn kò ní rí òkú wọn títí yìnyín yóò fi yọ́. Ilé-iṣẹ́ kò ka iye àwọn tó kú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1867, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ 40 dọ́là lóṣù àti wákàtí iṣẹ́ tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Wọ́n kàn jókòó sí ibùdó wọn. Crocker dá oúnjẹ tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ebi lé wọn padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí eré náà sọ nípa gbogbo èyí kò ju káàdì kan lọ: òṣìṣẹ́ yanṣẹ́lódì, ẹ fo ìgbà kan. Wọn kò sọ ìdí tí wọ́n fi yanṣẹ́lódì, wọn kò sọ ohun tí Crocker ṣe. Ẹ̀là igi pupa ni òṣìṣẹ́, ẹ ó rà á, ẹ ó lò ó, bí yìnyín bá gbé e lọ, ẹ ó ra òmíràn, kò sì ní dín kankan kù nínú máàkì yín nígbà ìṣirò. Èyí kò tọ́. Nílé wa, a ti yí òfin náà padà: bí káàdì ìyanṣẹ́lódì bá jáde, ẹni tó wà ní ìhà Sacramento yóò yan ọ̀kan nínú méjì, bóyá kó fi owó kún owó wọn, tàbí kó dá oúnjẹ dúró kó sì máa bá iṣẹ́ lọ láìfo ìgbà kankan, ṣùgbọ́n tí a óò yọ 20 nínú máàkì rẹ̀ ní ìparí. Òṣìṣẹ́ tó bá kú, a kì í dá a padà sínú páálí. A máa ń tò wọ́n sí etí pátákó, kí gbogbo wa lè máa rí wọn. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe èyí, àwọn ọmọ kì í fi òṣìṣẹ́ ṣòfò mọ́.

Káàdì mìíràn tó gbajúmọ̀ ni ti máìlì 10 lójúmọ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1869, Central Pacific tẹ́ máìlì 10 àti ẹsẹ̀ bàtà 56 láàárín òwúrọ̀ sí àṣálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, irin tó lé ní 3,500. Àwọn ará Ireland mẹ́jọ ló gbé irin náà, orúkọ wọn sì wà lákọsílẹ̀ títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà ló bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, orúkọ tiwọn kò sí níbẹ̀. Àwòrán tó wà lójú páálí eré yìí tún ṣe bákan náà, nítorí àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n yà síbi tí ọkọ̀ méjèèjì ti pàdé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí aláwọ̀ funfun tó dé, ni mo kà sí èyí tó burú jù. Ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Pawnee, Cheyenne, Lakota, Shoshone àti Paiute ni irin náà gbà kọjá. Àwọn Pawnee kan bá Union Pacific ṣọ́ ọ̀nà. Àwọn Cheyenne bá a jà, wọ́n sì da ọkọ̀ ojú irin kan nù ní Plum Creek ní oṣù Kẹjọ ọdún 1867, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀nà yìí yóò mú òpin bá ẹfọ̀n tí wọ́n ń jẹ àti ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Inú káàdì ewu ni eré kó gbogbo wọn sí, pẹ̀lú yìnyín àti àgbàrá. Ọmọ mi obìnrin béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ni ilẹ̀ ogún-ogún tí ìjọba ń pín yìí kí wọ́n tó pín in, n kò sì rí èsì kankan nínú ìwé ìlànà tí mo lè kà fún un. Àwa tó ń gbé Kubwa, níbi tí díẹ̀ lára àwọn Gbagyi tí wọ́n ṣí kúrò ní àárín ìlú Àbújá tẹ̀dó sí, kò yẹ kí ìbéèrè yẹn ṣàjèjì sí wa, mo sì bá a sọ̀rọ̀ nípa wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bí wọ́n ṣe parí eré náà dára. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé, nítorí náà àwọn tó ń tún ilẹ̀ ṣe fún wọn kọjá ara wọn ní Utah, oníkálukú ń bá tirẹ̀ lọ, kí máìlì lè pọ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 1869 ni ìjọba tó fẹnu kò sí Promontory ní Utah níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìpàdé. Nínú eré pẹ̀lú, ẹ lè kọjá ara yín títí káàdì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò fi jáde, ilé tí ẹ bá sì ti kọ́ kọjá ibi ìpàdé di òfo. Ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1869, Stanford fi òòlù kan ìṣó wúrà, wáyà sì gbé ìròyìn lọ káàkiri pé iṣẹ́ ti parí. Central Pacific tẹ́ máìlì 690, Union Pacific tẹ́ 1,086. Ẹ lè fi tiyín wé e ní ìparí, àwa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwa Yorùbá tó wà ní Àríwá, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa bá iṣẹ́ rélùwéè dé Minna, Zaria, Kaduna àti Kafanchan, rí ohun kan nínú eré yìí tó jẹ́ tiwa. Percy Girouard, ọmọ Kánádà tó jẹ́ aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin Baro sí Kano ní ọdún 1907, ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀ ní Canadian Pacific, ojú irin tó la Kánádà já ní ọdún 1885. Irin Baro náà dé Kano ní ọdún 1911, irin tó wá láti Èkó sì pàdé rẹ̀ ní Minna. Ọwọ́ àwọn ọba ni ìjọba gbà kó òṣìṣẹ́ jọ fún un, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì yọ̀ǹda ara wọn. Ìbú irin, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì, tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn: Lincoln fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi lélẹ̀ ní ọdún 1863 pé ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8 àbọ̀ ni yóò jẹ́. Ìbú yẹn gan-an ni ti irin tí ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna, láti Idu sí Rigasa, ń gbà kọjá ní Kubwa níbí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6 ni ti àtijọ́ tó wá láti Èkó sí Kano. Mo mú àwọn ọmọ lọ wo irin náà ní ibùdókọ̀, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ohun tí káàdì ń sọ.

₦65,000 ni mo rà á, owó ńlá ni fún páálí kan. Eré kan ń gbà tó wákàtí mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìlànà ní ọ̀nà kúkúrú kan tó parí sí orí Sierra. Àwọ̀ ilẹ̀ 32,000 àti ti 48,000 jọra púpọ̀, nítorí náà bí iná bá ti lọ tí ẹ sì ń lo àtùpà, ẹ ó máa ṣì wọ́n mú. Lẹ́tà ìwé ìlànà kéré, àgbàlagbà yóò nílò ìwò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kò lè jókòó tì í dé òpin, àyàfi bí ó bá wà lẹ́yìn àgbà kan. Wọ́n gbà wá láyè ní ìsọ̀ náà láti ṣí páálí kí a sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kí a tó sanwó. Ẹ béèrè fún irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ka ẹ̀là igi pupa dáadáa, nítorí òṣìṣẹ́ ló máa ń tètè tán nínú gbogbo ohun tí ẹ ó lò.